Epo Tí Kò Yọ̀, Irin Ni Yóò Jẹ

Bí ẹ̀rọ ìlọ̀ bá dákẹ́ ní Ọ̀fà, ìlú á mọ̀. Àgbàdo kò ní di ọ̀gì, láfún kò ní kúnná, ẹni tó ni ẹ̀rọ á sì jókòó ti irin tútù. Mẹkáníìkì á tú pọ́ǹpù epo, á bá irin inú rẹ̀ ní jíjẹ. Ogbó ẹ̀rọ ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ epo dísù ló yẹ kó kọ́kọ́ wá jẹ́jọ́.

Nínú ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù, dísù tó ń kọjá níbẹ̀ gan-an ló ń mú irin yọ̀. Kẹrosíìnì fúyẹ́, kò sì yọ̀ tó dísù. Ẹni tó bá bù ú lu dísù nítorí èrè, pọ́ǹpù ẹlòmíràn ló ń lọ̀ lúbúlúbú.

Àwọn kan tún ní àwáwí mìíràn. Wọ́n ní dísù tí wọ́n yọ imí ọjọ́ kúrò nínú rẹ̀ ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́, nítorí náà kí ti àtijọ́ padà. Ìdajì òtítọ́ nìyẹn. Ọ̀nà tí ilé ìfọpo ń gbà yọ imí ọjọ́ máa ń kó èròjà tó ń mú epo yọ̀ lọ pẹ̀lú. Orílẹ̀-èdè Sweden rí èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1990, tí pọ́ǹpù ń bàjẹ́. Wọn kò padà sí epo ìdọ̀tí. Èròjà àfikún díẹ̀ ni wọ́n fi sí i. Ní Yúróòpù lónìí, wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù irin kékeré gbo irin pẹlẹbẹ nínú epo. Àpá rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju máíkírómítà 460 lọ, èyí tí kò tó ìdajì mílímítà.

Èéfín imí ọjọ́ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Lọ́dún 2016, àjọ Public Eye ti ilẹ̀ Switzerland fi hàn pé òfin Nàìjíríà gba ìdá 3,000 nínú mílíọ̀nù kan, nígbà tí Yúróòpù gba 10 péré. ECOWAS ti wá fi 50 ṣe òdiwọ̀n epo tó ń wọlé láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021. Kò sí ìdí láti yẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ohun tó yẹ ni kí NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó títa epo, gbé àbájáde àyẹ̀wò ẹrù dísù kọ̀ọ̀kan síta: iye imí ọjọ́ inú rẹ̀ àti bó ṣe ń yọ̀ sí. Ilé ìfọpo tàbí ibùdó ìpamọ́ epo ló yẹ kó fi àfikún sí i. Kì í ṣe ẹlẹ́rọ ìlọ̀ ló yẹ kó máa fojú díwọ̀n òróró ẹ́ńjìnnì àlòkù sínú táǹkì, torí ìdọ̀tí inú rẹ̀ ń dí ẹnu nósù.

Ìjàkadì ni wọ́n mọ Ọ̀fà mọ́, ṣùgbọ́n ìjàkadì ní ìparí. Irin tó ń bá irin jà nínú pọ́ǹpù kò mọ ìparí, àfi ìgbà tó bá bàjẹ́. Nígbà náà, ẹni tó ta epo ti gba owó rẹ̀ lọ. Ẹni tó rà á ni yóò tún pọ́ǹpù rà.