Ìkẹ́nnẹ́ Gbé Ife, Ilé-Ifẹ̀ Ń Wòran

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá nínú kíláàsì mi pé kíláàbù wo ló gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2004. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni yóò dá yín lóhùn pé Arsenal ni, wọn yóò sì fi kún un pé kò sẹ́ni tó nà wọ́n ní líìgì ní gbogbo sáà yẹn. Ẹ wá bi wọ́n pé ta ló gba líìgì Nàìjíríà lọ́dún yẹn kan náà. Ẹ̀rín lẹ máa gbọ́. Dolphins ti Port Harcourt ni. Ọdún yẹn náà sì ni Enyimba ti Aba gba ife-ẹ̀yẹ kíláàbù tó ga jù nílẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí wọ́n ti gbà á ní 2003.

Kò sí ọ̀kankan nínú wa tí wọ́n ti bí ní ọdún 2004. Nítorí náà, ẹ má sọ pé a gbàgbé. Ohun tí èèyàn kò gbọ́ rí, kò lè gbàgbé rẹ̀. Ẹnì kan ló sọ ìtàn Arsenal fún wa. Kò sẹ́ni tó sọ ti Dolphins. Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ọmọ ìwòyí kò fẹ́ràn ohun tiwa. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe àìfẹ́ràn tiwa ló sọ líìgì ilẹ̀ yìí di ohun ẹ̀rín, bí kò ṣe ọwọ́ tí àwọn tó ni kíláàbù fi mú un. Ìjọba àti àwọn ọlọ́rọ̀ mú kíláàbù bí àga inú ilé wọn: bí ó bá wù wọ́n, wọ́n á jókòó lé e, bí ó bá sú wọn, wọ́n á gbé e síta. Àfi bí kíláàbù bá di ti ará ìlú, a kò ní rí líìgì tí a lè fi yangàn, Ilé-Ifẹ̀ wa yìí náà kò sì ní ní kíláàbù tí yóò dúró.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ já irọ́ kan. Irọ́ náà ni pé líìgì wa kò ní ìtàn. Ọdún 1972 ni líìgì orílẹ̀-èdè yìí bẹ̀rẹ̀, Mighty Jets ti ìlú Jos ló sì kọ́kọ́ gbà á. Bendel Insurance ti Benin gbà á ní 1973. Lẹ́yìn wọn ni Rangers ti Enugu dé. Ọdún 1970 ni wọ́n dá Rangers sílẹ̀, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ẹ rò ó wò: àwọn tí ogun ba ilé wọn jẹ́ kó àwọn ọmọ wọn jọ, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà wọ́n gba líìgì gbogbo Nàìjíríà, wọ́n sì tún gbà á ní 1975. Lónìí, ìgbà 8 ni Rangers ti gbà á. Enyimba nìkan ló jù wọ́n lọ, pẹ̀lú ìgbà 9. Bí èyí kì í bá ṣe ìtàn, kí ni à ń pè ní ìtàn?

Ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Shooting Stars ti Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní IICC nígbà náà, gba líìgì ní 1976, 1980 àti 1983, wọ́n sì tún gbà á ní 1995 àti 1998. Ní ọdún 1976 yẹn náà ni wọ́n gba ife Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí kíláàbù Nàìjíríà kankan tó gba ife Áfíríkà rí ṣáájú wọn. Leventis United, Ìbàdàn kan náà, gba líìgì ní 1986. Julius Berger ti Èkó gbà á ní 1991 àti 2000, Stationery Stores sì gbà á ní 1992.

Ọdún 1992 yẹn ló wù mí jù. Ọdún náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Premier League sílẹ̀. Òótọ́ ni pé líìgì tiwọn ti wà láti 1888, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é lónìí, Shooting Stars gba CAF Cup, ìdíje tí àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìbàdàn ni ife náà ń bọ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ife lásán ni, pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Sùúrùlérè ní oṣù kẹta ọdún 1980, níbi tí Nàìjíríà ti na Algeria ní góòlù 3 sí òdo, tí a fi gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá 2 wọlé, Muda Lawal gbá 1. Shooting Stars ni àwọn méjèèjì ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fún wa ní ife yẹn, láti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Ìbàdàn ni. Rashidi Yekini, tó gbá góòlù àkọ́kọ́ wa wọlé nínú ìdíje ife àgbáyé ní 1994, gba Shooting Stars kọjá kó tó lọ sókè òkun. Ní 2013 pàápàá, nígbà tí a tún gba ife Áfíríkà, Sunday Mba tó gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi na Burkina Faso, líìgì ilé ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ní omi kò sí lódò, kó lọ bi àwọn tó ti mu níbẹ̀.

Kí ló wá dé? Lẹ́yìn tí Julius Berger gba líìgì ní ọdún 2000, ó di ọdún 25 gbáko kí kíláàbù ilẹ̀ Yorùbá mìíràn tó gbà á. Ẹ wá ibi tí àwọn akọni àná wà. Leventis United gba líìgì ní 1986. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí iléeṣẹ́ tó ni ín fi tú u ká. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta, kíláàbù Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, gba ife Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Lónìí, orúkọ ló kù. New Nigeria Bank ti Benin gba líìgì ní 1985. Òun náà ti lọ. Bí àga ọlọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ bá yí padà, tàbí tí owó bá wọ́n, ilé ti dà.

Ti ìjọba kò yàtọ̀. Kíláàbù kan gba líìgì ní 1997 lórúkọ Eagle Cement. Ó di Dolphins, ó sì gbà á ní 2004 àti 2011. Ní 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers so ó pọ̀ mọ́ Sharks, wọ́n sọ àwọn méjèèjì di Rivers United. Ta ni wọ́n bi léèrè nínú àwọn tó ti ń pariwo Dolphins láti kékeré? Ìjọba ló ni ín, ìjọba ló pa orúkọ rẹ̀ dà. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, ẹ bi àwọn bàbá yín léèrè Prime ti Òṣogbo. Òun náà ti di Osun United. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń yí padà báyìí, báwo ni ọmọ ṣe máa mọ̀ ọ́n? A kì í kọ orin fún ohun tí a kò mọ orúkọ tí yóò jẹ́ lọ́la.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní àdúgbò wa tí gbogbo wa ń tẹ̀ lé lọ sí pápá nígbà tí mo wà ní jẹ́ẹ́sì kejì. Bọ́ọ̀lù kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kíláàbù ìjọba kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, mú un. Oṣù márùn-ún ni wọn kò fi san kọ́bọ̀ fún un. Ìyá rẹ̀ ló ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí ẹni tó ní òun lọ ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó farapa ní orúnkún, wọ́n ní kó lọ tọ́jú ara rẹ̀ nílé. Lónìí, ọ̀kadà ló ń gùn láti Lágéré sí Mayfair. Ọ̀kadà kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé òun kò jẹ́ jẹ́ kí àbúrò òun fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Nígbà tí bàbá bá wá sọ fún ọmọ pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́, ẹ má bínú sí bàbá. Ohun tó rí ló ń sọ.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò mi máa wí. Wọn á ní ìjọba nìkan ló lówó, pé bí ìjọba bá yọwọ́, kíláàbù á kú. Èmi náà bi wọ́n: ṣé èyí tí ìjọba kò yọwọ́ níbẹ̀ yè? Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, kíláàbù ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó, já kúrò nínú líìgì tó ga jù ní 2025. Àwọn mìíràn á ní líìgì wa kò dùn wò nítorí màgòmágó. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ní ọdún 2013, nínú ìdíje àwọn kíláàbù kéékèèké, kíláàbù kan gbá góòlù 79 sí òdo, òmíràn gbá 67 sí òdo lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé góòlù ni wọ́n fẹ́ fi pinnu ẹni tó máa gòkè. Àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà fòfin de àwọn kíláàbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìtìjú ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ibi tí ará ìlú kò bá ti lójú nínú ohun tó ń lọ, ibẹ̀ ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ta ló máa gbé góòlù 79 kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ̀rún èèyàn tí kíláàbù náà jẹ́ tiwọn?

Ní Jámánì, òfin líìgì wọn ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní èyí tó ju ìdajì lọ nínú ìbò kíláàbù, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda. Ní Sípéènì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń dáwó lọ́dọọdún ló ni Barcelona, àwọn ló sì ń dìbò yan ààrẹ rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Èèsú àti àjọ ni àwọn ìyá wa fi ń kọ́ ilé, ni wọ́n fi ń rán wa lọ sílé ìwé. Ẹgbẹ́ tó lè dá aṣọ lè dá owó bọ́ọ̀lù.

Ẹ wá wo Ìkẹ́nnẹ́. Remo Stars, tí Kunle Soname dá sílẹ̀ ní 2004, ṣe ipò kejì ní líìgì lọ́dún 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024, wọ́n sì gbà á ní 2025. Ìlú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni Ìkẹ́nnẹ́, ó sì kéré sí Ilé-Ifẹ̀ jìnnà. Àwa ni a ní yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ bàbá yẹn, tó ní pápá ìṣeré, tó ní àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá. A ní akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, a ní Ṣàbó, Ìrèmọ, Ẹnuwá àti Mọ̀dákẹ́kẹ́, níbi tí ọmọdé ti ń fi ẹsẹ̀ òfìfo gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí la ní nínú líìgì tó ga jù? Òdo. Mo kí Remo Stars kú oríire, ṣùgbọ́n èjìká ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì gùn. Abiola Babes náà gun irú èjìká bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí Ifẹ̀ ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Èkíní, kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ta èyí tó ju ìdajì kíláàbù wọn fún ará ìlú ní owó kékeré tí ìyá aláta lè san, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò owó kíláàbù síta lọ́dọọdún. Èkejì, kí kíláàbù tó bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní gbèsè owó oṣù mẹ́ta má ṣe kópa ní sáà tó ń bọ̀, kódà bí gómìnà bá ni ín. Ẹ̀kẹta, kí àwọn olùkọ́ àti àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò wa sọ ìtàn líìgì yìí fún wa ní èdè wa. Bí a bá lè mọ Thierry Henry, a lè mọ Muda Lawal.

Ní ti Ilé-Ifẹ̀, kí àwọn ọmọ ìlú, yunifásítì àti àwọn ọlọ́jà jókòó, kí wọ́n dá kíláàbù kan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè dá tà. Owó tí à ń san ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti wo kíláàbù tí kò mọ̀ pé a wà láyé pọ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìlú tí gbogbo Yorùbá ń pè ní orísun kò yẹ kó jẹ́ ìlú òǹwòran.