Àgbò Tó Fẹ̀yìn Rìn

Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọdé a máa fa àgbò jáde wá jà ládùúgbò. Ẹni tó bá ti wo ìjà yẹn dáadáa mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá forí gbárí kọ́ ni ẹ̀rù pọ̀ jù. Ìgbà tí ọ̀kan bá ń rọra lọ sẹ́yìn ni, tó tẹrí ba, tó dákẹ́. Ọmọ tí kò mọ̀ á pariwo pé ó ti sá. Àgbàlagbà á yára fa ọmọ náà kúrò lọ́nà, torí pé àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.

Òwe yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí òkè Pinatubo, lórílẹ̀-èdè Philippines. Òkè oníná ni, ṣùgbọ́n títí di 1991, ó ti sùn fún nǹkan bí 500 ọdún. Igbó bò ó. Àwọn ẹ̀yà Aeta ń dáko, wọ́n sì ń ṣọdẹ lára rẹ̀. Clark, tó jẹ́ ibùdó ńlá àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà nígbà náà, kò jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè náà.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1991, èéfín bú jáde lára rẹ̀. Raymundo Punongbayan, tó ń darí PHIVOLCS, àjọ tó ń ṣọ́ òkè oníná ní Philippines, àti àwọn onímọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí Chris Newhall ṣáájú, gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ yí òkè náà ká. Etí tí a fi lélẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí. Bí àpáta bá sán nísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á ta lójijì lórí bébà, ìlà tó fà á rí ṣóńṣó, á sì tètè parẹ́. Bó bá jẹ́ àpáta yíyọ́ ló ń fipá wá ọ̀nà gba inú ilẹ̀, ìlà náà á máa fì, á pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Ojú tó mọ̀ ọ́n kà ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Wọ́n ń wọn èéfín imí-ọjọ́ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, tọ́ọ̀nù 500 ló ń jáde lóòjọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 28, ó ti lé ní 5,000. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan péré, ó já wálẹ̀, kò tó 300 mọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́ pé ewu ti kọjá, kí kálukú padà sóko. Àwọn onímọ̀ rò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n ní ọ̀nà tí èéfín ń gbà ló dí. Ohun tó yẹ kó jáde ń kóra jọ sínú. Àgbò ti lọ sẹ́yìn.

Ó wá ku bí àwọn èèyàn á ṣe gbà. Ta ló fẹ́ fi ilé àti oko sílẹ̀ nítorí ìlà orí bébà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rántí Armero, ní Colombia, ẹ mọ ohun tí àìgbà ń dá sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti kìlọ̀ nípa òkè Nevado del Ruiz, àṣẹ pé kí ará ìlú jáde kò dé lásìkò, ẹrẹ̀ sì ya bò wọ́n lóru ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 1985. Èèyàn bí 23,000 ló bá a lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Ní Pinatubo, wọ́n gbà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà, nǹkan bí 15,000 èèyàn kó kúrò ní Clark. Ní ọjọ́ 15, òkè náà bú, eérú rẹ̀ gòkè tó kìlómítà 35. Ìjì Yunya dé lọ́jọ́ kan náà, òjò rin eérú, eérú wúwo lórí òrùlé, òrùlé sì wó pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Síbẹ̀, ẹ̀mí tí ìkìlọ̀ yẹn gbà là kò dín ní 5,000.

Adágún ńlá ló wà lórí òkè náà lónìí, omi rẹ̀ pa rọ́rọ́. Inú mi dùn pé wọn kò kó ẹ̀rọ kúrò níbẹ̀. Láàárín oṣù kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta 2021, ẹ̀rọ ka ìmìtìtì tó lé ní 1,700 lábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kéré débi pé ara èèyàn kò lè mọ̀ ọ́n.