Ilé-Iṣẹ́ Àtijọ́ Di Ilé Olówó ní New York

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilé gbígbé nínú ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ní SoHo, ní ìlú New York, yóò rí àjà tí ó ga fíofío, fèrèsé gbàǹgbà, àti òpó irin tí ó dúró gbagidi láàrin yàrá. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè ni ìwé àṣẹ: ǹjẹ́ òfin gbà fún un láti máa sùn níbẹ̀?

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí fún òwò àti iṣẹ́ ọwọ́. Ó ti di àṣà láti wí pé òfìfo ni wọ́n wà kí àwọn oníṣẹ́ ọnà tó dé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwádìí tí Chester Rapkin ṣe ní ọdún 1963 fi hàn pé iṣẹ́ ṣì ń lọ níbẹ̀, àti pé àwọn adúláwọ̀ àti àwọn ará Puerto Rico, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, ni ó ń rí oúnjẹ òòjọ́ nídìí rẹ̀. Robert Moses ì bá sì ti la títì márosẹ̀ gba àárín àdúgbò náà kọjá, bí kì í bá ṣe pé ìjọba pa ètò náà tì ní ọdún 1969.

Àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére ń yá odindi àjà kan ní owó pọ́ọ́kú. Òfin kò gbà wọ́n láyè láti fi ibẹ̀ ṣe ilé, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn ń fi ibùsùn pamọ́. Owó ara wọn ni wọ́n fi fa omi àti iná wọlé. Àwọn kan gbé àkọlé kékeré sí ẹnu ọ̀nà, kí àwọn panápaná lè mọ̀ pé ènìyàn ń bẹ nínú ilé bí iná bá ṣẹ́ yọ.

Ní ọdún 1971, ìjọba ìlú gbà kí oníṣẹ́ ọnà tí ó ní ìwé ẹ̀rí máa gbé ibẹ̀, ó sì fi àwọn ilé tí ó tóbi jù sílẹ̀ fún iṣẹ́. Iṣẹ́ náà kò dúró. Ní ọdún 1982 ni òfin ìpínlẹ̀ wá dáàbò bo àwọn ayálégbé irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó sì pàṣẹ fún onílé láti tún ilé ṣe kí ó má baà wu ẹ̀mí léwu. Wọ́n mú un gbòòrò sí i ní ọdún 2010 àti 2019.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣán igbó kò pẹ́ lórí oko. Àwọn olówó tí kò mọ búrọ́ọ̀ṣì í dì mú bẹ̀rẹ̀ sí ra àjà lẹ́yìn àjà, ìjọba ìlú sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, òfin tuntun jáde: onílé tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà lè san owó sínú àpò ìrànlọ́wọ́ iṣẹ́ ọnà, kí ilé rẹ̀ lè di ilé gbígbé lásán. Àwọn kan gbé ìlú lọ sí kóòtù lórí owó náà.

Ìbínú wọn yé ni, nítorí owó náà kò kéré. Síbẹ̀, yàrá tí ó bá ti bọ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọnà lọ́nà yìí, òfin kò tún ní fi í pamọ́ dè é mọ́. Ní ti àwọn obìnrin tí Rapkin rí nídìí ẹ̀rọ ní ọdún 1963, kò sí àpò ìrànlọ́wọ́ kankan nínú òfin náà tí a dá sílẹ̀ ní orúkọ wọn.