Ta Ló Ní Yorùbá Ò Lè Tọ́ Ọtí Dúdú Wò?

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá, kò sì ṣeé gbé mì. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti gboyè jáde ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ó gbé ìgò Fuller's London Porter méjì bọ̀. A ṣí ọ̀kan, a pín in mu, a ní kí kálukú kọ bó ṣe rí lẹ́nu ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kọ: ṣokoléètì, kọfí, kárámẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta ọtí lórí íntánẹ́ẹ̀tì la dà kọ! Àwọn kan nínú wa tún ń gbèjà ẹ̀, wọ́n ní Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan báyìí, ká fi tiwa mọ sórí ẹmu.

Irọ́ ni. Ta ni nínú wa tó ti jẹ ṣokoléètì tó iye ìgbà tó ti jẹ àgbàdo sísun? Àwọn tó ti ìlú oníkòkó wá nínú wa mọ òórùn kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní: ó kan díẹ̀, kò dùn rárá. Òórùn yẹn wà nínú ọtí náà, a sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ti ní ṣokoléètì ni, a pa imú ara wa tì.

Ta ló tiẹ̀ ni ọtí náà? Porter, alááàrù ni. Àwọn alááàrù Lọ́ńdọ̀nù ló ń mu ún ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn títí orúkọ wọn fi mọ́ ọn lára. Ọmọ rẹ̀ ni stáòtì tí à ń mu nílé. “Stout porter” ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, èyí tó lágbára. Dúdú rẹ̀, bálì tí wọ́n jẹ́ kó hù, tí wọ́n wá yan, ló fà á. Daniel Wheeler ló gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń yan án dúdú ní 1817. Àwọn tó ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà ń jẹ́ kí àgbàdo hù kí wọ́n tó sè é. Kí ló wá ṣàjèjì níbẹ̀?

Ó yá, ìdájọ́ wa rèé. Ó dúdú bí àgbo, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó ń pọ́n. Òórùn rẹ̀, àgbàdo tí iná jó létí. Kíkorò rẹ̀, obì ni, kì í ṣe orógbó: bí ẹ bá gbé e mì tán, ẹnu á dùn bí ìgbà téèyàn mu omi lé obì. Stáòtì Ìkẹjà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ewúro tí a fọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni. Èyí, tí tirẹ̀ jẹ́ 5.4, ewúro tí a fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fẹ́lẹ́ ju bí a ṣe fẹ́ lọ, ó sì tètè pòórá lẹ́nu. Súyà ló yẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé e sí fíríìjì títí ó fi fẹ́ẹ̀ dì, òtútù lásán lẹ tọ́ wò. (Ẹ̀yin tí ẹ ní ó ń fúnni lẹ́jẹ̀, tiyín ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.)

Ìgò kejì ṣì wà. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa jiyàn, kó wá, kó mú ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ dání. Kó má ṣáà gbé yìnyín wá.