Igbó Etí Odò Ọ̀ṣun Kì í Ṣe Ilẹ̀ Ilé Kíkọ́

Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO ka igbó etí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ó jẹ́ hẹ́kítà 75, mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Hẹ́kítà 47 mìíràn sì yí i ká gẹ́gẹ́ bí ààbò. Síbẹ̀, ilé kíkọ́ ń sún mọ́ ọn.

Àwọn Mùsùlùmí kan ní igbó òrìṣà kò kan àwọn. Lóòótọ́, Mùsùlùmí kì í bọ Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun ni Ó dá odò náà àti igi tí ń dá àgbàrá dúró. Ànábì (S.A.W.) pàápàá ka gígé igi ìlú Mẹdínà léèwọ̀.

Bí ilé bá gba ipò igi, omíyalé kò ní béèrè ẹ̀sìn onílé. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí má ṣe ra ilẹ̀ níbẹ̀, kí ó má sì bá wọn tà á.