Egbò Ẹsẹ̀ Ajá Tí Ń San Tí Ó Tún Ń Padà

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ajá kéré jù fún ìwé ìròyìn, kí ó bi àwọn tí olè ti já ṣọ́ọ̀bù wọn rí.

Lẹ́tà méjì ni ó dé ọwọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ìyá kan tí ń ta ìrẹsì àti gàrí ni ó kọ èkíní. Ajá tí ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lóru ti ń tiro láti ìgbà òjò. Egbò náà wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú. Ó ń wú bí eéwo, ó ń bẹ́, ó ń san, kò sì ní í ju oṣù kan lọ kí ó tún tó yọ. Àwọn ará ọjà ti sọ fún un pé ọ̀tá ni ó da nǹkan sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ajá ni ó bá a tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí ó tètè ta ajá náà fún àwọn tí ń pa á jẹ, kí ó má baà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Olùkọ́ kan ni ó kọ lẹ́tà kejì: ajá tí ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn ní egbò lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹsẹ̀ tiwọn náà.

Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ta ajá. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ọ̀tá kò sí láyé, ṣùgbọ́n ọ̀tá tí yóò da nǹkan sílẹ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù, tí ó jẹ́ pé ajá nìkan ni yóò máa bá a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀tá náà kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí dókítà ẹran yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé, ẹsẹ̀ mélòó? Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, lójú kan náà, ẹ wá ohun tí ó wọ ibẹ̀ tí kò jáde: ẹ̀gún, èéfọ́ ìgò, ṣóńṣó koríko gbígbẹ. Òkè egbò lè san, kí ohun tí ó wà nínú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Irun ajá fúnra rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ajá tí irun rẹ̀ kúrú tí ó sì le, pàápàá èyí tí ó sanra, tí ó sì ń rìn lórí sìmẹ́ńtì láti àárọ̀ dalẹ́, ìwúwo rẹ̀ a máa ti irun àárín ọmọ ìka padà sínú awọ. Irun náà a já sínú ẹran, ara a sì máa bá a jà bí ìgbà tí ó ń bá ẹ̀gún jà. Oògùn ọjọ́ márùn-ún tí ẹ rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì kò lè ká a. Egbò tí ó jinlẹ̀ báyìí a máa gba oògùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà ni yóò sì yan èyí tí ó bá a mu. Ọ̀nà ibí yìí ni ọkàn mi lọ jù lórí ajá ìyá wa, nítorí ẹ kọ ọ́ pé ó sanra, orí sìmẹ́ńtì ni ó sì ń gbé. Ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù, ẹ tẹ́ àpò fún un.

Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀rọ̀ di òmíràn. Olùkọ́ wa, jìgá ni mo fura sí. Ẹ yí ẹsẹ̀ ajá náà sókè ní ojúmọmọ. Bí ẹ bá rí ohun roboto funfun tí ojú dúdú kékeré wà láàárín rẹ̀, òun náà nìyẹn. Kòkòrò yìí kò tóbi ju ẹyọ iyanrìn lọ. Abo rẹ̀ a wọ inú awọ, a máa mu ẹ̀jẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì a wú tó ẹyọ ẹ̀wà, a sì máa yé ẹyin rẹ̀ sílẹ̀. Inú iyanrìn gbígbẹ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà, ìdí nìyí tí ó fi ń pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. (Kì í ṣe kòkòrò ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ní ọdún 1872 ni ọkọ̀ ojú omi kan láti Brazil gbé e dé Ambriz ní Àǹgólà, nínú iyanrìn tí wọ́n kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ó lè wúwo, ó sì ti ibẹ̀ rìn ká ilẹ̀ Áfíríkà. Iyanrìn lásánlàsàn!) Ajá, ẹlẹ́dẹ̀ àti eku a máa gbé e káàkiri, nítorí náà bí ẹ bá ń yọ jìgá lẹ́sẹ̀ ọmọ tí ẹ kò wo ti ajá, ẹ óò máa yọ ọ́ títí. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ ìdọ̀tí yọ ọ́, ẹ má sì fi ti ajá yọ ti ọmọ, nítorí ojú ihò bẹ́ẹ̀ ni tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbà wọlé. Bí owó bá wà, ẹ da sìmẹ́ńtì sí ilẹ̀ kíláàsì. Bí kò bá sí, ẹ máa gbá a, kí ẹ máa wọ́n omi sí i lójoojúmọ́, kí àwọn ọmọ sì máa wọ bàtà.

Jìgá nìkan kọ́ o. Aràn kan wà tí ń ti ilẹ̀ tútù tí ìgbẹ́ ajá wà gba àárín ọmọ ìka wọlé, lẹ́yìn náà a lọ máa fa ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Ẹ wo èrìgì ajá náà bí ó bá ti funfun. Eégbọn fẹ́ràn àárín ọmọ ìka àti inú etí. Kòkòrò mìíràn ń gbé ìdí irun, ojú lásán kò lè rí i, àfi kí dókítà ha awọ wò lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọ ajá tí ó jẹ́ èkọ nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ láìsí ẹran tàbí ẹja, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lè nípọn kí ó sì sán, nítorí síńkì kò tó lára rẹ̀. Bí ajá bá sì ń lá ẹsẹ̀ ṣáá, tí irun funfun ibẹ̀ di pupa bí ìpẹtà, ó lè jẹ́ pé oúnjẹ kan tàbí ohun kan ní àyíká ni ara rẹ̀ kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ níbi tí ó kàn yìí. Ta ni ó kọ́ wa pé òìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò ni oògùn egbò ajá? Májèlé ni. Ajá yóò lá a, yóò gbé e mì. Oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́ ńkọ́? Ó ń jó awọ. Ìpara tí ń bó ara tí ó kún inú ọjà yìí lè mú kí egbò panu dé lónìí, ṣùgbọ́n a máa sọ agbára ara di aláìlera, kòkòrò ìdí irun a sì máa bí sí i. Oògùn ẹ̀fọ́rí tiwa lè pa ajá.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ díẹ̀ ni kí ẹ fi máa fọ ẹsẹ̀ náà, kí ẹ nu àárín ọmọ ìka gbẹ dáadáa, kí ẹ má sì jẹ́ kí ajá lá a. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi aṣọ di ẹnu rẹ̀, nítorí ajá tí nǹkan ń dùn lè bu ẹni tí ó fẹ́ràn jù jẹ. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àrùn dìgbòlugi kì í gbọ́ oògùn mọ́ bí ó bá ti fara hàn. Ẹ jẹ́ kí ajá máa gba abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ẹsẹ̀ wo, ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀, kí ni ajá ń jẹ, oògùn wo ni ẹ ti lò. Ìyá wa, ẹ kọ̀wé sí mi nígbà tí oṣù bá pé, kí ẹ sọ fún mi bóyá ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú yẹn náà ni, tàbí ó ti kan òmíràn. Lẹ́tà lórí adìyẹ tí ń jẹ ẹyin ara rẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.