Ẹ Má Fi Aláàárù Bú Wa

Olóòtú mi ní kí n kọ̀wé nípa ìrètí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Yunifásítì Michigan fún sáà ọdún 2024, kí n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta kó má baà gùn jù, kí n má sì bá ẹnikẹ́ni jà. Mo ní ó dáa. Ọ̀nà mẹ́ta náà rèé: ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n gba ife àwọn yunifásítì lóṣù Kìíní ọdún 2024, irú bọ́ọ̀lù líle tí wọ́n ń gbá, àti ẹni tí yóò jẹ́ kọ́tábáàkì, ìyẹn ẹni tí bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀. Ti ìjà yẹn nìkan ló ṣòro. Lọ́jọ́ Ajé, àna mi ará Columbus fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ àna mi. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, Ohio ló ń gbé, Ohio State ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 2021 dé 2023, ọdún mẹ́ta gbáko ni Michigan fi na ẹgbẹ́ rẹ̀ níparí oṣù Kọkànlá, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í yọ ènìyàn nípò àna àgbà. Bó bá pè, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù kí n tó rí ẹnu ta kò ó.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an ni àwọn oníròyìn tó ń dìbò fún ilé iṣẹ́ ìròyìn AP to àwọn ẹgbẹ́ tẹ̀ léra kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Georgia ṣe kìíní, Ohio State ṣe ìkejì. Michigan tó gba ife ṣe ìkẹsàn-án. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ohùn àna mi gbà, ó fi odidi ìṣẹ́jú kan rẹ́rìn-ín. Ipò kẹsàn-án kọ́ ló dùn mí. Ọ̀rọ̀ tó fi kádìí rẹ̀ ni: “Ìkẹsàn-án tiẹ̀ pọ̀ fún yín. Ẹ̀yin ò gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀ ń ti èèyàn káàkiri ni. Bọ́ọ̀lù aláàárù. Kò sí ọpọlọ níbẹ̀.”

Ẹ jẹ́ n mí ná.

Ọ̀nà kìíní, kíákíá. Ìgbà 15 ni Michigan wọ pápá ní sáà ọdún 2023, ìgbà 15 náà ni wọ́n borí. Wọ́n na Alabama 27 sí 20 ní Rose Bowl lọ́jọ́ ọdún tuntun, wọ́n na Washington 34 sí 13 ní Houston lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Jim Harbaugh tó kọ́ wọn ti kó lọ sí Los Angeles Chargers ní NFL, líìgì àwọn tó ń gbá a fún owó. Sherrone Moore tó jókòó sípò rẹ̀, àwọn géńdé márùn-ún iwájú ló ń kọ́ tẹ́lẹ̀. Lóṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn ẹgbẹ́ NFL mú ọmọ Michigan 13. Ẹ fi 13 yẹn sọ́kàn fún mi. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n ṣètò pé kí wọ́n gba Fresno State lálejò, kí Texas wá bá wọn ní Ann Arbor nílé wọn lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ní pápá tó ń gba èèyàn tó lé ní 107,000. Ó tán.

Ọ̀nà kejì. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù tí Osimhen ń gbá nìkan lẹ mọ̀, ẹ súnmọ́ mi. Nínú bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, ìgbìyànjú mẹ́rin ni wọ́n ń fún ẹgbẹ́ kan láti sún síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá sún un pé, wọ́n tún gba mẹ́rin mìíràn. Wọ́n lè ju bọ́ọ̀lù náà, wọ́n sì lè gbá a mọ́yà sáré. Ẹni tó gbá a mọ́yà ò lè rìn jìnnà bí àwọn márùn-ún tó wà níwájú kò bá ti àwọn tọ̀hún kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn márùn-ún yìí kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, àyàfi ẹni àárín wọn tó ń fi í ránṣẹ́ sẹ́yìn. Kámẹ́rà kì í wò wọ́n. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ ọ̀kan nínú wọn lẹ́nu asọ̀rọ̀-bọ́ọ̀lù, ó ti ṣẹ̀ ni, tàbí ó ti fara pa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé Penn State, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Ọjọ́ kan ṣáájú ni Big Ten, líìgì tí Michigan wà, ní kí Harbaugh lọ rọ́kún nílé nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n ń jí àmì àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wò. (Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn lónìí, àna mi ti bá mi sọ ọ́ tó.) Moore ló dúró fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré ni J.J. McCarthy, kọ́tábáàkì wọn, ju bọ́ọ̀lù. Nígbà tó yá, wọn ò jù ú mọ́. Ìgbà 32 léraléra ni àkọsílẹ̀ sọ pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà tí wọ́n sì kọrí sí àárín ọ̀tá. Ẹni tó ń ta omi ní pápá mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Penn State náà mọ̀. Mímọ̀ ò ràn wọ́n lọ́wọ́. Michigan borí, 24 sí 15, nígbà tílẹ̀ mọ́, Penn State lé ẹni tó ń ṣètò ìkọlù wọn dànù.

Bí mo bá sọ fún onílé pé ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo máa gbà wọlé, tí mo sì gba ibẹ̀ wọlé nígbà 32, ta ni ò lọ́pọlọ nínú àwa méjèèjì?

Àná ni mo ṣì ń ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí mo rántí ọmọ wa. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti pariwo orúkọ yìí ní abala yìí? N ó tún un pè: Olusegun Oluwatimi. Láti Virginia ló ti wá sí Michigan lọ́dún 2022, ó dúró ní àárín àwọn márùn-ún iwájú, lọ́dún kan ṣoṣo yẹn ó gba Rimington, tí wọ́n ń fún ẹni tó dáńgájíá jù ní àárín, ó sì gba Outland, tí wọ́n ń fún ẹni tó dára jù nínú àwọn géńdé inú ìlà iwájú, ti ìkọlù àti ti ìdènà. Lọ́dún kan náà, àwọn márùn-ún tí òun wà láàárín wọn gba Joe Moore, àmì-ẹ̀yẹ fún márùn-ún tó mọṣẹ́ jù. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Ó ṣẹ́gun níwájú, ó ń tì lẹ́yìn. Irú iṣẹ́ wo ló tún kù tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ìbá ṣe? Síbẹ̀, bí mo bá dá orúkọ yìí láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje ní Ìbàdàn, wọ́n á bi mí pé ṣé pásítọ̀ ni.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù mú nílẹ̀, ó ń wo àwọn tó dojú kọ ọ́, ó ń ka bí ẹsẹ̀ wọn ṣe rí, ó ń pariwo fún àwọn mẹ́rin yòókù pé ìwọ dí tibí, ìwọ dí tọ̀hún. Ó ju bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sẹ́yìn. Kí ọwọ́ yẹn tó padà síwájú, ọkùnrin kan tó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ ti dé igbáàyà rẹ̀. Ẹni tó bá dúró ṣánṣán ti kú. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ jù ti dojú bolẹ̀. Orúnkún ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn. Abẹ́ apá ọ̀tá ni yóò wọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ dúró.

Èmi ti mọ èyí kí n tó mọ Amẹ́ríkà. Aláàárù ni bàbá mi.

Ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń já ẹrù síbẹ̀, bàbá mi ń ru àpò ìrẹsì àti àpò iyọ̀ láti ibùdó ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣòwò. Mo máa ń tẹ̀ lé e lákòókò ìsinmi. Kì í kàn gbé ẹrù. Á kọ́kọ́ yí àpò náà po, á fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tì í jẹ́jẹ́, kó mọ ibi tí nǹkan inú rẹ̀ máa wọ́ sí. Á ká òṣùká rẹ̀, á tún un ká bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Á wá kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà tọ́ bí igi, á ní kí wọ́n gbé e ru òun, á sì fi itan dìde. Mo rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí apá wọn tóbi ju tirẹ̀ lọ tí wọ́n fi ẹ̀yìn gbé e. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n ti ń fọwọ́ di ìdí rìn. Bàbá mi rù ú títí ó fi rán mi dé yunifásítì. Ó máa ń sọ fún mi pé, “Ẹsẹ̀ ló ń ru ẹrù, orí kàn ń gbà á lálejò ni.” Ẹ fi ohùn kóòṣì Amẹ́ríkà sọ ọ́, ẹ̀kọ́ kan náà ni.

Ṣé ẹ rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá bọ́ọ̀lù? Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí mi lọ tọrọ ìyàwó mi, ẹnìkan nínú ẹbí wọn rọra bèèrè lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé ṣé ọmọ aláàárù náà ni. Mo gbọ́ ọ. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé. Mi ò sọ pé àna mi ni o. Mo kàn mọ̀ pé ìdílé tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, inú rẹ̀ náà ló ti tún jáde lórí WhatsApp lọ́jọ́ Ajé. Ìyàwó mi ka ibi tí mo kọ̀wé dé yìí, ó ní, “Dádì, ṣé lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù náà lẹ ṣe dé ìdí ìtọrọ?” Mo ní kó jọ̀wọ́ gbé oúnjẹ wá.

Àti pé kí wọ́n má tún sọ pé àwọn tó wúwo ò lè sáré. Lọ́jọ́ Penn State kan náà, Kenneth Grant, ẹni tó wúwo ju kìlógírámù 150 lọ, lé ọmọ tó gbé bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn, ó sì bá a. Èyí ò sí lára ọ̀nà mẹ́ta mi, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Lóṣù Kọkànlá kan náà, nígbà tí Ohio State wá sí Ann Arbor, ẹsẹ̀ Zak Zinter dá. Ọ̀kan nínú márùn-ún iwájú ni. Pápá dákẹ́ lọ gbáà. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀, Blake Corum gbé bọ́ọ̀lù nígbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó gba àárín kọjá, yáàdì 22, ó di touchdown, ìyẹn ni pé ó gbé e dé òpin pápá. Lẹ́yìn náà ló fi ìka ṣe mẹ́fà, ó ṣe márùn-ún: 65, nọ́ńbà tó wà lára aṣọ Zinter. Nínú gbogbo ohun tí mo rí lọ́dún náà, ìka yẹn ló kù sí mi lójú.

Ẹ̀kẹta tí mo ṣèlérí ńkọ́, ta ni yóò jẹ́ kọ́tábáàkì? Nígbà tí mo ń kọ èyí, Alex Orji wà níbẹ̀, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ti ilẹ̀ Ìgbò wá, ẹsẹ̀ ni tiẹ̀ dùn jù. Davis Warren náà wà níbẹ̀. Moore kò tíì sọ èyí tó máa mú nígbà náà. Gbogbo ayé ń bèèrè ìyẹn, mi ò sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń bèèrè rẹ̀. Ẹni tó máa dúró níwájú rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n bèèrè.

Ibẹ̀ wá ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yí mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ rántí 13 tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Àwọn márùn-ún tó wà níwájú nígbà tí wọ́n na Washington, kò ku ẹyọ kan. Zinter tó fara pa náà ti lọ. Bó bá jẹ́ àwọn aláàárù ló ru ife wálé, bí mo ti ń pariwo láti àárọ̀, ìrètí wo ló wá kù fún mi? Mo ti fi ẹnu ara mi gbé Michigan sípò kẹsàn-án.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo pe àna mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú àwọn márùn-ún iwájú Ohio State tọdún yìí, ẹ dárúkọ mẹ́ta fún mi.”

Ó dárúkọ Will Howard. Mo ní kọ́tábáàkì nìyẹn, sà. Ó dárúkọ Judkins tí wọ́n gbà láti Ole Miss. Mo ní ẹ̀yìn nìyẹn ti ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, sà, iwájú ni mò ń bèèrè. Ó dákẹ́. Mo jẹ ìdákẹ́ náà bí ẹni ń jẹ àkàrà gbígbóná.

“Tiyín ńkọ́?” ló wí.

“Sà?”

“Márùn-ún tiyín. Tọdún yìí. Ṣebí ìwọ lo mọ orúkọ gbogbo aláàárù.”

Mo dárúkọ Hinton. Mo dárúkọ Priebe tó wá láti Northwestern. Mo gbé itọ́ mì, mo dárúkọ El-Hadi. Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.